Afẹ́fẹ́ ni àbí ọwọ́ awakọ̀? Bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ bàálù tó bọ́ sínú rúkèrúdò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo wà ní ọdún ìkẹyìn nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo sì fẹ́ fi dátà bàálù ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí rúkèrúdò ojú òfuurufú. Bàálù Singapore Airlines ti ọdún 2024 ló gbé ọ̀rọ̀ náà sí mi lọ́kàn. Àwọn kan kọ ọ́ pé 6,000 ẹsẹ̀ ló já wálẹ̀, àwọn kan ní 178 ẹsẹ̀ péré ni, àwọn mìíràn sì ń di ẹ̀bi ru autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ darí bàálù. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ látinú dátà pé afẹ́fẹ́ ló mi bàálù, tí kì í ṣe awakọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìbéèrè tó o fi parí yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bàálù kò dúró sójú kan bíi ohun èlò tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń gbé sórí òpó. Awakọ̀ ń darí rẹ̀, autopilot ń tún ìdúró rẹ̀ ṣe, ìyẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, epo inú rẹ̀ ń fúyẹ́ sí i, afẹ́fẹ́ náà sì ń tì í lọ tì í bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń pàdé nínú ìlà kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀. Bí o kò bá tíì yọ ohun tí bàálù fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kúrò, o kò tíì wọn afẹ́fẹ́ rárá. Èrò inú dánfó mọ èyí lára: bí ara rẹ̀ bá fò sókè, ó lè jẹ́ kòtò, ó sì lè jẹ́ bíréèkì tí dẹ́rẹ́bà tẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá fẹ́ fi bí èrò ṣe ń fò mọ bí ọ̀nà ṣe rí gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà kan bíréèkì.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bàálù tó o dárúkọ. SQ321 ni ìrìnàjò náà, Boeing 777-300ER tó gbéra ní London tó ń lọ sí Singapore pẹ̀lú èrò 211 àti òṣìṣẹ́ 18. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó wà ní 37,000 ẹsẹ̀ lókè agbègbè odò Irrawaddy ní Myanmar nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Èrò kan kú, ọ̀pọ̀ èèyàn fara pa, bàálù sì yà sí Bangkok. TSIB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Singapore, tú àkọsílẹ̀ inú àpótí rẹ̀, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà.

Kí a tó kà á: g la fi ń wọn bí ìjókòó ṣe ń ti èèyàn lára. Bí o ṣe jókòó yìí, 1 g ló wà lára rẹ. Tó bá di òdo, ìwọ̀n ara rẹ pòórá. Tó bá kọjá òdo lọ sí òdì, òkè àjà bàálù lara rẹ ń lọ, àfi tí bẹ́líìtì bá dì ọ́ mú.

Ní 07:49:21 lórí aago àgbáyé, ìwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò láàárín 0.44 g àti 1.57 g, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 19. Lásìkò kan náà ni bàálù ń gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un, títí ó fi dé 37,362 ẹsẹ̀. Autopilot rí i pé ó ti kọjá ibi tí wọ́n ní kó dúró, ó tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ kó lè padà sí 37,000. Eré bàálù náà ń pọ̀ sí i láìsí àṣẹ, àwọn awakọ̀ sì na bíréèkì orí ìyẹ́ jáde láti dín in kù. Ní 07:49:32, ohùn awakọ̀ kan wọ inú àkọsílẹ̀ pé iná bẹ́líìtì ti tàn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n já láti 1.35 g sí òdì 1.5 g láàárín 0.6 ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn tí kò de bẹ́líìtì gbéra kúrò lórí ìjókòó. Kò pẹ́ rárá tó tún fi yí padà láti òdì 1.5 g sí 1.5 g láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, àwọn tó ti gbéra sì já lulẹ̀. Nínú gbogbo èyí, 37,362 di 37,184. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni 178 ẹsẹ̀ tó o kà. Awakọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ darí bàálù fún ìṣẹ́jú àáyá 21 kó tó dá autopilot padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn tó kọ 6,000 náà rí nǹkan kan. Lórí àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tọpa bàálù, ìlà kan sọ̀ kalẹ̀ láti 37,000 dé 31,000 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tó ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn rúkèrúdò kí ìlà yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ tí àwọn awakọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni nígbà tí wọ́n ń yà sí Bangkok, ó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sì yàtọ̀ sí èyí tí bàálù ń ṣe lójoojúmọ́. Ohun tó ṣe àwọn èèyàn léṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lórí ìlà yẹn rárá. Torí náà, má fi gíga wọn rúkèrúdò. Bí g ṣe yí padà láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló ń fọ́ èèyàn lórí, bàálù kò sì ní láti jìn sílẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ṣé autopilot ló wá fà á? Wo gíga àti eré pọ̀. Bí awakọ̀ tàbí autopilot bá gbé imú sókè láìfi agbára kún ẹ́ńjìnnì, bàálù á gòkè, eré rẹ̀ á sì dínkù, torí agbára inú eré ló ń di gíga. Bó bá tẹ imú wálẹ̀, gíga á dínkù, eré á pọ̀. Imú nìkan kò lè fi kún gíga àti eré lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ṣírò àpapọ̀ wọn ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá: h + V²/2g, níbi tí h ti jẹ́ gíga, tí V jẹ́ eré nínú afẹ́fẹ́, tí g jẹ́ ti òòfà ilẹ̀. Bí àpapọ̀ yìí bá ń lọ sókè nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò yí padà, ìta ni agbára náà ti wá. Ní SQ321, gíga ń pọ̀, eré ń pọ̀, kò sì sẹ́ni tó pàṣẹ ìkankan nínú wọn. TSIB náà kọ ọ́ pé ó jọ pé atẹ́gùn tó ń fẹ́ lọ sókè ló gbé bàálù yẹn. Autopilot dáhùn ni. Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn kò wá sọ pé ìdáhùn rẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ náà o. Autopilot ti tẹ imú wálẹ̀ nítorí atẹ́gùn tó ń gbé e sókè. Bí irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ bá dáwọ́ dúró lójijì, imú ṣì wà nílẹ̀. Èwo nínú òdì 1.5 g yẹn ló ti ọ̀dọ̀ afẹ́fẹ́ wá, èwo ló ti ọ̀dọ̀ elevator, pátákó ìdí ìrù tó ń gbé imú sókè tó sì ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, wá? Àkọlé ìròyìn kò lè sọ ọ́. Ìlà elevator nínú àkọsílẹ̀, pẹ̀lú àwòṣe ìṣirò bàálù náà gan-an, ni wọ́n fi ń pín in. Ohun tó sì mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí nìyẹn: a lè pín in lóòótọ́, bí dátà bá péye.

Ọ̀nà tó mọ́ jù láti pín in ni kó o ṣírò atẹ́gùn fúnra rẹ̀. Nǹkan mẹ́rin lo máa nílò: eré bàálù nínú afẹ́fẹ́, V, igun tí imú fi gòkè sí ilẹ̀, θ, igun tí ìyẹ́ fi ń pàdé afẹ́fẹ́, α, àti iye mítà tí bàálù ń gòkè sí ilẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a máa pè ní u. Bí ìyẹ́ méjèèjì bá tẹ́jú, atẹ́gùn òkè-sódò, w, ni:

w = u − V × sin(θ − α)

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. V × sin(θ − α) ni iye tí bàálù ń gòkè nínú afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Ohun tí u bá fi yàtọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ ló ni ín. Bí θ àti α bá dọ́gba, tí bàálù sì ń gòkè ní mítà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gan-an ló ń gòkè ní mítà márùn-ún, bàálù kàn wà nínú rẹ̀ ni. Wo bí awakọ̀ ṣe bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan: bó bá gbé imú sókè, θ á yí, α á yí, u á tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n w kò gbọ́dọ̀ mira.

α ni yóò yọ ọ́ lẹ́nu jù. Abẹ́bẹ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú bàálù ló ń wọ̀n ọ́n, ara bàálù sì ti tẹ afẹ́fẹ́ kó tó dé ibẹ̀, nítorí náà ohun tó kà kì í ṣe òtítọ́ títí o ó fi tún un ṣe. Bàálù ńlá máa ń sá tó 250 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lókè lọ́hùn-ún. Ní irú eré yẹn, àṣìṣe dígírì kan péré nínú α á bí atẹ́gùn èké tó ju mítà mẹ́rin lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, abẹ́bẹ́ yẹn jìnnà sí àárín ìwúwo bàálù, torí náà bí imú bá ń yí sókè, ìyíra náà fúnra rẹ̀ ń dá afẹ́fẹ́ sí abẹ́bẹ́ lára. Yọ ìyẹn náà kúrò.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkókò, èyí tí mo rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà sí. Kì í ṣe gbogbo ìlà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan náà. Wọ́n sábà máa ń kọ g òkè-sódò ní ìgbà mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ìlà mìíràn lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì. Ìgbà mẹ́jọ ní 250 mítà túmọ̀ sí pé bàálù rìn nǹkan bí mítà 31 láàárín kíkà kan sí èkejì. Ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí 250 mítà, kò sì sí bí o ṣe lè fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ ohunkóhun nípa ààjà tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó 500 mítà. Ààjà tó sì ń mi bàálù ńlá jù ni èyí tó wà láàárín bí ọgọ́rùn-ún mítà sí kìlómítà kan àti díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kì í kọ gbogbo ìlà ní àkókò kan náà gẹ́lẹ́: nínú ìṣẹ́jú àáyá kan náà, elevator lè wọlé ṣáájú, kí g tẹ̀ lé e. Bí o bá tò wọ́n sójú ìlà kan láìwo àkókò tí wọ́n wọlé gan-an, o lè sọ pé ọwọ́ ṣáájú afẹ́fẹ́ nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ṣáájú.

Torí èwo ló ṣáájú ni ẹjọ́ náà dá lé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2008, Airbus A330 ti Qantas ń lọ láti Singapore sí Perth, imú rẹ̀ sì rì lójijì. Imú náà lọ sílẹ̀ dé dígírì 8.4, ìwọ̀n dé òdì 0.8 g, ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ tó fara pa, 12 nínú wọn sì fara pa gidigidi. Lára ẹni tó jókòó sẹ́yìn, rúkèrúdò kò ní orúkọ mìíràn. Àkọsílẹ̀ ló sọ nǹkan mìíràn: ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń fún kọ̀ǹpútà ìdarí ní dátà ń rán α èké tó ga ṣóńṣó jáde, kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́, ó sì tẹ imú wálẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò ṣe ohunkóhun.

Èyí tó kọ́ iṣẹ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti American Airlines 587. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2001, Airbus A300-600 yìí gbéra ní pápákọ̀ JFK ní New York, ó sì gba inú ìjì tí Boeing 747 ti Japan Airlines tó ṣíwájú rẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Igbákejì awakọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì rudder, pátákó ìrù tó ń yí imú sí ẹ̀gbẹ́, sọ́tùn-ún sósì léraléra, títí ìrù tó dúró gbọnran fi ya kúrò lára bàálù. Èèyàn 260 inú rẹ̀ àti márùn-ún nílẹ̀ ló kú. Nígbà tí NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, parí ìwádìí lọ́dún 2004, wọ́n ní agbára tó ya ìrù náà ti ọ̀dọ̀ pẹ́dàlì wá. Wọ́n tún dárúkọ bí wọ́n ṣe ṣe ètò rudder bàálù náà àti irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún awakọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó mú kí ó le: ètò inú bàálù náà ti dan ìlà rudder kí ó tó dé inú àpótí. Àwọn igun mímú ti yọ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní láti fi àwòṣe ìṣirò tún ìrìn rudder náà tò, kí wọ́n máa yí i títí àwòṣe yóò fi jẹ́ kí imú yí, kí ara bàálù sì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí àwọn ìlà mìíràn ṣe sọ. Nítorí náà, kí o tó lo ìlà kankan, wádìí bóyá ohun tí ẹ̀rọ kà gan-an ni, tàbí wọ́n ti dan án.

Ní ti ohun tó o máa fi ṣe òṣùwọ̀n, má fi g nìkan ṣe é. Afẹ́fẹ́ kan náà á mi bàálù kékeré ju 777 lọ, á sì mi 777 tí epo rẹ̀ ti dínkù ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Àwọn ará NACA, àjọ Amẹ́ríkà tó padà di NASA, mọ èyí tipẹ́: láti ọdún 1933 ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀rọ kan sínú bàálù akérò tó ń fi abẹ́rẹ́ ha eré àti g sórí dígí tí wọ́n fi èéfín kùn. Nígbà tí Pratt àti Walker, àwọn onímọ̀ NACA, máa fi tún wo dátà ọdún 1933 sí 1950, wọ́n ṣe ìṣirò tó yí g padà sí atẹ́gùn, kí wọ́n lè fi bàálù kan wé òmíràn.

Lónìí, òṣùwọ̀n tí ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà bàálù, ń lò ni EDR (eddy dissipation rate). Ohun tí Kolmogorov, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, sọ lọ́dún 1941 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ààjà ńlá ń fọ́ sí kékeré, kékeré ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, títí agbára wọn yóò fi di ooru. EDR ń sọ bí ìfọ́yángá yẹn ṣe yára tó, ti afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe ti bàálù. Láti 0.10 a ti ń pè é ní fúyẹ́, láti 0.20 ó di àárín, láti 0.45 ó di líle. Àwọn onímọ̀ NCAR, ilé ìwádìí ojú ọjọ́ ní Colorado, ló ṣe ètò tó ń ṣírò rẹ̀ látinú bàálù akérò bó ṣe ń fò lọ, IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù lágbàáyé, náà sì ti ń kó irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jọ láàárín wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé dátà bàálù akérò kò tó nǹkan fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, sọ fún un nípa Nastrom àti Gage. Ohun èlò tí NASA gbé sínú Boeing 747 akérò láàárín ọdún 1975 sí 1979 ni wọ́n lò, ó ju ìrìnàjò 6,000 lọ. Lọ́dún 1985, wọ́n fi hàn bí agbára atẹ́gùn ṣe pín láti kìlómítà díẹ̀ títí dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Títí di òní, ẹni tó bá kọ àwòṣe ojú ọjọ́ ṣì máa ń fi ìlà tiwọn yẹ tirẹ̀ wò.

Ó dùn mí pé lójú sánmà tiwa, irú dátà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó lè lò ó. Ìjì òjò tó ń ti ìlà-oòrùn wá sórí Nàìjíríà àti Benin lásìkò òjò ga kọjá ibi tí bàálù ń fò, ibi tí wọ́n ti ń fi bálúùnù wọn ojú sánmà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò sì pọ̀. Bàálù ń gba àárín wọn kọjá lójoojúmọ́. Òfin ICAO ní kí ilé iṣẹ́ tó ń fò bàálù tó wúwo ju kìlógíráàmù 27,000 máa yẹ dátà ìfò rẹ̀ wò, nítorí náà dátà wà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì ló wà. Ẹ̀rù awakọ̀ pé wọn á fi dátà dá òun lẹ́jọ́ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Síbẹ̀, a lè yọ orúkọ, ọjọ́ àti nọ́ńbà bàálù kúrò, kí afẹ́fẹ́ nìkan ṣẹ́kù. Kò sí ìdí tó tọ́ tí ìyẹn kò fi yẹ kó dé yunifásítì.

Fún iṣẹ́ tìrẹ, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dátà tí NASA gbé sórí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì DASHlink, ti bàálù jẹ́ẹ̀tì akérò gidi tí wọ́n ti yọ ohun tó lè tú ẹnikẹ́ni síta. Má gbé iṣẹ́ rẹ ka orí ADS-B, àmì tí bàálù ń fi rédíò rán jáde nípa ibi tó wà, tí àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ń kó jọ: gíga inú rẹ̀ ń fò ní ẹsẹ̀ 25, kò ní g, kò ní α. Kí o tó fọwọ́ kan rúkèrúdò rárá, wá ibi tí ojú ọjọ́ ti dákẹ́, tí awakọ̀ sì gbé imú sókè tàbí tó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, bíi ìgbà tó fi gíga kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Ṣírò w níbẹ̀. Bí w bá ń bá imú lọ bá imú bọ̀, α rẹ kò tíì tọ́. Máa tún un ṣe títí w yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí imú ń yí. Bó bá ti tẹ́, fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wo ibi tí rúkèrúdò wà.